Tíṣà Súúsì àti Irun Ayaba

Ọjọ́ tí Tíṣà Nathaniel dìde níwájú gbogbo ènìyàn, tó ní kí Súúsì lọ pààrọ̀ aṣọ, ni ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Tíṣà Súúsì. Ilé ìwòran Suleiman ní Ìkàrẹ́ ló ti ṣẹlẹ̀, lọ́sàn-án Sátidé kan tí kò sí bọ́ọ̀lù. Suleiman to àga oníke sílẹ̀, ó tan jẹnẹrétọ̀, ó sì gbé fíìmù kan sí i nípa àwọn òrìṣà ilẹ̀ Gíríìkì àtijọ́. Nígbà tó yá, Súúsì tó jẹ́ olórí àwọn òrìṣà náà jáde láti inú àwọsánmà. Àrá ń sán lẹ́yìn rẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ ń dán, aṣọ funfun rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Àfi bí bàbá kan tó wọ súwẹ́tà ṣe dìde ní ìlà iwájú, tó na agboòrùn rẹ̀ sójú tẹlifíṣọ̀n, tó ní kí wọ́n dá a dúró.

Suleiman rò pé nǹkan ló ń jó, ó sáré dá fíìmù dúró. Tíṣà fi agboòrùn tọ́ka sí èjìká òrìṣà náà. Ó ní ìlà áyọ́ọ̀nù ni wọ́n ń wò yẹn, tó gún régé láti èjìká dé orúnkún. Ó wá bi wọ́n pé lórí òkè tí kò sí ẹlòmíì àfi òrìṣà, ta ló bá Súúsì lọ aṣọ. Ó tún ní wọ́n rán etí aṣọ náà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn ará Gíríìkì ìgbà yẹn kì í rán aṣọ wọn, ńṣe ni wọ́n ń ró o bí àwọn ìyá wa ṣe ń ró ìró.

Àwọn ọ̀dọ́ pariwo pé kí bàbá jókòó. Suleiman sún mọ́ ọn, ó rọra bẹ̀ ẹ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà, ẹ jókòó, ká lè wò ó tán."

"Màá jókòó," ni Tíṣà dá a lóhùn, "tó bá ti lọ pààrọ̀ aṣọ."

Suleiman ṣì máa ń sọ ìtàn yìí, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín tó bá ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n tó bá sọ ọ́ tán, á ní ká ní òun mọ̀ pé bàbá náà ò ní í pẹ́ láyé ni, òun ì bá pa jẹnẹrétọ̀ lọ́jọ́ yẹn, kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ dáadáa.

Ọmọ Òkè-Ọ̀kà ni Tíṣà Nathaniel Adédayọ̀. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ àwọn ọmọ ní Lítíréṣọ̀ àti Ìmọ̀ Bíbélì. Àjọwá ló ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí Ìfira, Ìkàrẹ́ ló sì ti fẹ̀yìn tì. Ní Àjọwá ni tíṣà òyìnbó kan tó ń padà sílé ti fún un ní ìwé ńlá kan tó kún fún àwòrán àwọn ìkòkò Gíríìkì. Ara àwọn ìkòkò yẹn ni wọ́n ya òrìṣà sí, àti ọmọ ogun, àti àwọn obìnrin tó ń pọnmi àti àwọn tó ń hunṣọ. Tíṣà ṣí ìwé náà títí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ fi já. Kò sí bí obìnrin Gíríìkì ṣe ń di irun tí kò mọ̀, kò sí bí wọ́n ṣe ń fi pínnì mú aṣọ léjìká tí kò lè ṣàlàyé. Naomi, ìyàwó rẹ̀, máa ń sọ pé ogójì ọdún lòun fi bá a gbé, síbẹ̀ tí àwọn bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, kò ní í lè sọ bóyá gèlè òun pupa ni tàbí búlúù.

Nígbà tí fíìmù wọ orí fóònù, kò sí èyí tó jẹ mọ́ òrìṣà Gíríìkì tí Tíṣà ò wá kiri. Kì í sì í ṣe pé ó ń gbádùn wọn. Ó ní ìwé àkọsílẹ̀ kan tó pín sí mẹ́ta: aṣọ, irun, ọ̀rọ̀ ẹnu. Bó bá ti ń wò ó, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa kọ àṣìṣe sílẹ̀ bí ẹni ń máàkì iṣẹ́ ọmọ iléèwé. Ẹni tó bá jáde láti inú òkun tí irun rẹ̀ ti gbẹ, odo ni. Jagunjagun tó ti ja ogun ọdún mẹ́wàá tí irùngbọ̀n rẹ̀ sì rí bí èyí tí wọ́n gé láàárọ̀, odo ni. Lọ́jọ́ kan ní ilé Suleiman, àwọn ọmọ ogun yọ nínú fíìmù pẹ̀lú ẹ̀wù irin tí wọ́n rọ àyà àti ìdodo sí lára. Ẹ̀rín ta. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Tíṣà kó lè dìde. Tíṣà ò dìde. Ó ní wọ́n máa ń rọ ẹ̀wù irin bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ó wà nínú ìwé òun. Ó ṣí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, ó fún ìdodo náà ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Òun nìkan ló yege nínú fíìmù náà.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ló máa ń dùn ún jù. Nínú ọ̀kan, ọmọ Súúsì wọlé tọ bàbá rẹ̀, kò dọ̀bálẹ̀, kò kí i, ó kàn ní òun ní ọ̀rọ̀ í bá a sọ. Tíṣà ní ọmọ tó bá wọlé bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀kà, bàbá rẹ̀ ò nílò àrá kó tó bá a wí. Kò sì yé e ìdí tí gbogbo òrìṣà fi ń sọ̀rọ̀ bí ọlọ́lá Lọ́ńdọ̀nù, tí àwọn ẹrú wọn ń sọ̀rọ̀ bí mẹkáníìkì Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní lọ́jọ́ tí òun bá ṣe fíìmù tòun, ńṣe ni kálukú yóò sọ èdè ibi tó ń gbé. Súúsì tó wà lórí òkè yóò sọ ti Ọ̀kà. Òrìṣà òkun yóò sọ ti Ìkàrẹ́. Èyí tó ni abẹ́ ilẹ̀, níbi tí àwọn òkú ń lọ, yóò sọ Yorùbá iléèwé. Ẹnì kan bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ pé òkú ni yóò sọ Yorùbá iléèwé. Ó ní ibẹ̀ ni gbogbo Àkókó ti máa pàdé, ó sì yẹ kí wọ́n gbọ́ ara wọn.

Ẹnì kan ṣoṣo ló wà tó lè bá Tíṣà jiyàn tí yóò sì gbà. Ràfíátù ni, tó ń dirun tó sì ń ránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà ní Ìkàrẹ́. Tíṣà kọ́ ọ níléèwé, ìdí nìyẹn tó fi ń pe orúkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, nígbà tí àwọn yòókù ń pè é ní Ìyá Kafilat. Kafilat ti wà nílé ọkọ ní tirẹ̀. Ìbráhìm, bàbá Kafilat, jẹ́ awakọ̀ tírélà kó tó gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ sí Líbíyà. Ó ń pè sílé ní ọdún àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ìpè dúró, ọdún méjìdínlógún sì kọjá láìsí ẹni tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Ràfíátù kì í sọ ọ́. Tí oníbàárà tuntun bá béèrè bàbá àwọn ọmọ, á ní wọ́n rìnrìn àjò, á sì bi onítọ̀hún bóyá irun náà ò dùn ún jù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Tíṣà gbé ọ̀rọ̀ Mẹdúsà wá sí ṣọ́ọ̀bù yìí. Mẹdúsà ni obìnrin inú ìtàn Gíríìkì tí ejò hù sórí rẹ̀ dípò irun, tí ẹnikẹ́ni tó bá wo ojú rẹ̀ ń di òkúta. Tíṣà ní nínú fíìmù tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ wò, àwọn ejò náà ò gùn dọ́gba, ó sì ń bí òun nínú. Ó wá bi Ràfíátù, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó mọ iṣẹ́, bóyá ó lè di irú orí bẹ́ẹ̀. Ràfíátù ń dirun fún obìnrin kan lọ́wọ́, kò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Kó máa bọ̀," ló wí. "Ẹ̀yìn ènìyàn ni onídìrí ń dúró sí. N ò ní rí ojú rẹ̀."

Tíṣà ní dígí ara ògiri ńkọ́. Kó tó pa ẹnu dé ló rántí pé nínú ìtàn náà, ara asà tó ń dán bíi dígí ni akọni tó pa Mẹdúsà ti ń wò ó, kò sì di òkúta. Ó dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, ó fa ìwé àkọsílẹ̀ yọ, ó kọ ohun tí Ràfíátù sọ sínú rẹ̀, ó sì fa ìlà méjì sábẹ́ ẹ. Obìnrin tí wọ́n ń dirun fún bi wọ́n bóyá òní ni ẹni náà ń bọ̀, kí òun tètè máa lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ti aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì. Tíṣà fẹ́ fi bí wọ́n ṣe ń ró aṣọ Gíríìkì han Ràfíátù, ló bá gbé aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì funfun Naomi wá láìsọ fún un. Wọ́n ró o mọ́ ọn lára lórí ṣòkòtò àti síńgílẹ́ẹ̀tì, wọ́n fi pínnì méjì mú un léjìká. Ó wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó sì wù ú débi pé kò fẹ́ bọ́ ọ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gun ọ̀kadà lọ sí Ọ̀kà. Atẹ́gùn kó sí aṣọ náà, ó wú bíi bàlúùnù, Tíṣà sì fi eyín di etí rẹ̀ kan mú. Ní Ìwárò, ọlọ́kadà yà ra epo. Obìnrin kan rí bàbá arúgbó nínú aṣọ funfun, tó fi agboòrùn ṣe ọ̀pá, ló bá kúnlẹ̀ sétí títì, ó ní kí Wòlíì gbàdúrà fún òun. Tíṣà gbìyànjú láti ṣàlàyé, ṣùgbọ́n obìnrin náà ti dijú. Kò rí bó ṣe lè jẹ́ kí ènìyàn kúnlẹ̀ lásán, ó gbàdúrà fún un. Lẹ́yìn náà ló wá ṣàlàyé bí àwọn ará Gíríìkì ṣe ń ṣẹ́ aṣọ po, ibi tí pínnì yẹ kó wà, àti ìdí tí kò fi yẹ kéèyàn rán an. Obìnrin náà ṣe àmín sí gbogbo rẹ̀.

Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà tó sọ pé òun ò ní í máàkì fíìmù ẹlòmíì mọ́, òun fẹ́ ṣe tòun. Ìtàn tó mú ni ti ayaba Gíríìkì kan tí ọkọ rẹ̀ lọ sójú ogun, tí kò sì dé fún ogún ọdún. Àwọn ọkùnrin kún ilé ayaba náà, wọ́n ń jẹun rẹ̀, wọ́n ní kó mú ọ̀kan fẹ́. Ó ní òun fẹ́ hun aṣọ kan tán ná. Ohun tó bá sì hun ní ọ̀sán, á lọ tú u ní ìkọ̀kọ̀, kí aṣọ má bàa tán. Tíṣà ní òun ti rí ayaba yìí nínú fíìmù mẹ́rin, òfì rẹ̀ ò dára nínú ọ̀kankan, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ bíi tábìlì. Òfì ara ìkòkò inú ìwé ń dúró ti ògiri ni, gẹ́lẹ́ bí òfì tí ìyá Tíṣà fúnra rẹ̀ fi ń hun kíjìpá, tó ṣì wà nínú àgbàlá wọn ní Òkè-Ọ̀kà. Ó ní tí àwọn aláṣefíìmù yẹn bá béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní Àkókó, wọn ì bá ti mọ̀.

Ismaheel tó ń ya fídíò ìgbéyàwó gbà láti yà á. Suleiman gbà láti ṣe ọ̀kan lára àwọn ọkùnrin tó ń jẹun nílé ayaba, ó ní apá ibẹ̀ ò ní í ṣòro fóun. Tíṣà kékeré kan tó ń jẹ́ Mọ́júbọ́lá ló kọ́kọ́ fẹ́ ṣe ayaba, ṣùgbọ́n wíìgì tó dé wá kàn án ní ìbàdí, kò sì fẹ́ ṣí i. Tíṣà wo wíìgì náà yípo. Ó bi í bóyá ọkọ tó wà lójú ogun ló fi ránṣẹ́ sí i. Mọ́júbọ́lá bínú lọ.

Ìgbà náà ni Tíṣà lọ bá Ràfíátù. Inú Ràfíátù dùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní òun ò lè ṣí orí sílẹ̀ níwájú kámẹ́rà. Tíṣà ní kò sí ìjà níbẹ̀. Àwọn obìnrin Gíríìkì pàápàá máa ń fi aṣọ borí tí ọkùnrin bá wà níta, ó wà nínú ìwé. Irun iwájú nìkan ni òun fẹ́ kó hàn, kò ju ìka méjì lọ. Wọ́n jọ gbà lórí ìka méjì.

Ọjọ́ Àìkú kan ni wọ́n kọ́kọ́ pàdé nínú àgbàlá ní Òkè-Ọ̀kà. Ràfíátù ró aṣọ ayaba fúnra rẹ̀, ó fi òmíràn borí, ó jókòó ti òfì. Ariwo inú àgbàlá rọlẹ̀. Ismaheel sọ lẹ́yìn náà pé òun gbé kámẹ́rà kúrò lójú òun láti fi ojú lásán wò ó, torí ó dà bíi pé obìnrin náà ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ ilé. Tíṣà sún mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ìka méjì irun náà. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Ràfíátù, o ti fi dáì sí i."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Sà. Mo fẹ́ kó dáa."

"Lọ fọ̀ ọ́ kúrò. Ewú wà lábẹ́ ẹ, mo máa ń rí i. Ogún ọdún ni obìnrin yìí fi ń retí ọkọ tí kò dé. Ta ló mọ bó ṣe ń rí jù ọ́ lọ?"

Ó sọ ọ́ bó ṣe máa ń sọ gbogbo nǹkan, bí ẹni ń tún gbólóhùn ṣe nínú kíláàsì. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Suleiman yíjú sí ògiri. Naomi, tó gbé omi wá fún wọn, dúró síbi tó dé. Ràfíátù bẹ̀rẹ̀ sí í yọ pínnì lára aṣọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n sórí igi òfì. Ó ká aṣọ náà dáadáa.

"Ẹ ti kọ́ mi ní ohun púpọ̀, Tíṣà," ló wí. "Eléyìí, ẹ̀ bá má kọ́ mi."

Ó kúnlẹ̀ kí Naomi, ó sì jáde lọ wá ọ̀kadà.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Tíṣà fi ń ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ pé òótọ́ lòun sọ. Ó ní ayaba tó retí ọkọ fún ogún ọdún láìhewú, irọ́ ni. Ní ọjọ́ kẹrin, kò ṣàlàyé mọ́. Ó rán Ismaheel sí Ràfíátù pé kó má bínú. Ràfíátù ní ẹni tó sọ ọ́ ní ẹsẹ̀, ó mọ ṣọ́ọ̀bù.

Tíṣà lọ. Nígbà tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀, obìnrin mẹ́ta ló wà ní ìjókòó, ojú tì í, ó ní òòyà lòun wá rà. Ó ra òòyà, ó lọ. Nígbà tó padà lọ lẹ́ẹ̀kejì, ẹnì kan péré ló wà níbẹ̀, síbẹ̀ òòyà náà ló tún rà. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, kò sí ẹnì kankan. Ràfíátù ń ránṣọ lórí ẹ̀rọ, ó ń retí kí Tíṣà la ẹnu. Tíṣà ń retí kó gbójú sókè. Ẹ̀rọ ń dún láàárín wọn. Bàbá tó lè dá fíìmù dúró láàárín èrò wá wúkọ́, ó sì béèrè bóyá òòyà aláwọ̀ mìíràn wà.

Ràfíátù mọ̀ pé kì í ṣe òòyà ló ń gbé e wá. Ó pinnu lọ́kàn ara rẹ̀ pé tó bá tún fi wá lẹ́ẹ̀kẹrin, òun yóò gbé àga fún un, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Ó tiẹ̀ ti nu àga náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru tó ti ń bá Tíṣà fínra tipẹ́ gbé e dè ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ó lo ọjọ́ mẹ́sàn-án ní ọsibítù. Ràfíátù gbọ́ pé ara rẹ̀ ò yá, ó ní tó bá di Jímọ̀ òun á lọ. Ọjọ́bọ̀ ni Suleiman wá dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó bọ́ fìlà.

Ràfíátù lọ síbi ìsìnkú, ẹ̀yìn pátápátá ló dúró sí bó tilẹ̀ jẹ́ pé àga wà. Wọ́n ní kí Suleiman sọ ohun tó rántí nípa olóògbé. Ó sọ ìtàn aṣọ Súúsì, ẹ̀rín sì gba gbogbo ibẹ̀ títí kan àlùfáà. Ràfíátù náà rẹ́rìn-ín. Ó wá rí i pé òun ò lè dá ẹ̀rín náà dúró bó ṣe yẹ, ó fi ìborùn bojú, ó kúrò níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà, Naomi ránṣẹ́ sí i. Ó fẹ́ kó wá di irun fún òun nílé, torí ìsìn ìdúpẹ́ tó ń bọ̀. Ràfíátù kó ohun èlò rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀, ó gba Òkè-Ọ̀kà lọ ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Bó ṣe wọ àgbàlá, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ pé kí Màmá má bínú, òun ì bá ti wá kí Tíṣà nígbà tó wà láyé. Naomi ní kó dìde, omi ìfọrí yẹn ti ń tutù.

Nígbà tó tú gèlè Naomi, irun náà funfun bí òwú, kò sí èyí tó dúdú nínú rẹ̀. Ràfíátù fọ̀ ọ́, ó nù ún gbẹ. Bó ṣe máa ń bi gbogbo oníbàárà rẹ̀ ló ṣe bi Naomi bóyá kí òun fi dáì díẹ̀ sí i.

"Dáì ti tán nínú ilé yìí," ni Naomi wí. "Bàbá ló ń lò ó."

Ọwọ́ Ràfíátù dúró.

Naomi wá sọ ọ́ fún un. Láti ìgbà tí Tíṣà ti pé ọgọ́ta ọdún ni. Lọ́sẹ̀ méjì-méjì, ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n á ti ilẹ̀kùn àgbàlá, Tíṣà á wọ ẹ̀wù àkísà kan, òun á sì fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ kun orí rẹ̀ fún un. Kò gbọdọ̀ kan etí. Tó bá kan etí, wọn ò ní í gbádùn ọjọ́ náà. Nígbà kan, alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì dé láìròtẹ́lẹ̀, ó sì ń kanlẹ̀kùn. Tíṣà sáré wọ ilé ìdáná pẹ̀lú dáì lórí. Naomi ò tíì ronú ohun tí òun máa sọ nígbà tí Tíṣà kígbe láti inú ilé ìdáná, pẹ̀lú ohùn ara rẹ̀ tí gbogbo Ọ̀kà mọ̀, pé Tíṣà ò sí nílé.

Ràfíátù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Naomi náà ń rẹ́rìn-ín, ó di aṣọ ìnura mú lọ́rùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ẹni tó ń kọjá lọ lójú títì dúró wò wọ́n. Nígbà tó ṣe, ẹ̀rín Ràfíátù wálẹ̀.

"Kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi, Màmá? Lọ́jọ́ yẹn gan-an, tí wọ́n bá sọ pé àwọn náà ń kùn ún, ǹ bá ti fọ tèmi kúrò lójú gbogbo wọn."

"Ojú ń tì wọ́n," ni Naomi wí. "Bí o ṣe jáde lọ́jọ́ yẹn, wọ́n wọ yàrá, wọ́n wo dígí títí. Wọ́n ní àwọn á lọ sọ ọ́ fún ọ, kí ẹ lè wà ní ọgbọọgba. Òòyà ni mò ń rí."

Naomi tún ní kì í ṣe nítorí Ìbráhìm ni Tíṣà fi yàn án. Ó ní nígbà tí Ràfíátù wà ní fọ́ọ̀mù tú, ó dìde nínú kíláàsì, ó ní Tíṣà ṣi orúkọ kan kọ sójú pátákó. Gbogbo kíláàsì rò pé Tíṣà máa nà án. Tíṣà padà sílé lọ́jọ́ náà, ó sọ fún Naomi pé ayaba kan wà ní kíláàsì òun, kò sì tíì mọ̀.

Òòrùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ àgbàlá. Ràfíátù dìde, ó dúró sẹ́yìn Naomi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun funfun náà láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn. Naomi mú dígí kékeré dání, ó ń wò ó bó ti ń lọ.

"Tó bá jẹ́ pé Bàbá wà níbí ni," ni Naomi wí, "wọ́n á ní ìlà yìí wọ́."

Ràfíátù fi ìka tọ ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó wọ́ díẹ̀ lóòótọ́. Ó tú u, ó sì tún un yà.